Wọ Bàtà fún Adìyẹ

Mẹ́rin ni eré náà, ìkínní dé ìkẹrin,
akọ̀wé kan ṣoṣo ló ń rìn nínú gbogbo wọn,
ó ń wá fìlà tí atẹ́gùn já gbà lórí rẹ̀.
Nínú ìkínní, fìlà kó sí ilé-ìṣọ́.
Nínú ìkejì, orí ọba la ti bá a.
Nínú ìkẹta, ó ti di ọkọ̀ ojú omi, àwọn eku ló ń wà á.
Ìkẹrin, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Arákàlẹ̀ la ti ń ṣe é, ní Àkúrẹ́,
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Akínṣọlá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe,
èmi àti Ìbírónkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí àpótí ẹlẹ́rìndòdò kan,
ìdí kan lórí àpótí, ìdí kan nínú afẹ́fẹ́.
Ogún náírà fún wákàtí kan.
Bí iná bá lọ, owó ò padà.

Èmi ni mo ń tẹ máòsì, òun ló ń ka ọ̀rọ̀.
Òyìnbó inú eré náà le ju eyín mi lọ,
òun ló ń sọ ọ́ di Yorùbá, wàrà-wàrà, láì mí.

Mo ní kí akọ̀wé wọ bàtà fún adìyẹ.
"Ó ní bàtà náà há. Adìyẹ fẹ́ èyí tó ní gìgísẹ̀."
Mo ní kó fi ata ra kọ́kọ́rọ́.
"Ó ní ilẹ̀kùn tó bá ń sín kì í ráyè ṣí."
Mo ní kó gbé àkàbà fún ọlọ́pàá.
"Ó ní kí ló fẹ́ fi ṣe, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ò gùn tó ni?"
A rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá Akínṣọlá fi ń lu ògiri.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìkejì fi dè wá mọ́ ẹsẹ̀ afárá.
Ewúrẹ́ kan dúró lórí rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀.
A fún un ní koríko, a fún un níwèé, a kọrin fún un.
Ìbírónkẹ́ ló ta jí lóru, ó gbá mi lẹ́yìn:
"Ẹ jẹ́ ká fà á sẹ́yìn!
Ewúrẹ́ tí o bá fà sẹ́yìn, iwájú ló ń sá lọ."
Bẹ́ẹ̀ ló rí.
Àlọ́ tó dáa nìyẹn: bí o bá já a tán,
ojú á tì ọ́ pé o ò tètè rí i.

Ìkẹta dé lọ́dún tí Ìbírónkẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oǹdó.
Àwòrán rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun.
Èmi nìkan jókòó, ìdí méjèèjì lórí àpótí.
Mo ti lè ka òyìnbó fúnra mi.
Mo fi ìwọ̀ kọ́ òṣùpá: "Kò ṣeé ṣe."
Mo fi oyin ra eyín ọ̀nì: "Kò ṣeé ṣe."
Ta ló sì máa mọ̀ pé ọṣẹ ló ń ṣí ibojì?
Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀
pé ìkínní ń bá ni rẹ́rìn-ín, ìkẹta ń fi ni rẹ́rìn-ín,
pé ẹ̀fẹ̀ ti di yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.
Ìkẹrin wà nínú dúrọ́ọ̀ mi di òní, n kò tú ọ̀rá ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù tèmi l'Ókè-Àró,
oníbàárà kan gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ wá, ìkínní wà nínú rẹ̀.
Òjò ń rọ̀. Mo wá adìyẹ náà lọ. Mo wọ bàtà fún un.
Akọ̀wé yíjú sí mi.
"Kò ṣeé ṣe."
Ata, kọ́kọ́rọ́: "Kò ṣeé ṣe."
Àkàbà, ọlọ́pàá.
Mo ń tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń wá gìgísẹ̀ yẹn.

Mo pe Ìbírónkẹ́. Iṣẹ́ òru ló wà, mo ń gbọ́ ìkókó tó ń ké.
Mo ní, "Ìwọ lò ń sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Adìyẹ yẹn ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ó ti rí bàtà rà?"